Orin Olórin Lẹ́nu Wa: Bí A Ṣe Yan Orin Kan fún Òde Ìyá Àádọ́rin Ọdún

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá rọrùn létí. Ìyá kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kí báńdì wa kọ orin kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nígbà tí ìyá bá ń jó wọ gbọ̀ngàn. Wọn ò fẹ́ orin tiwa, wọn ò sì fẹ́ kí DJ tẹ àwo. Orin olórin ni wọ́n fẹ́, kó ti ẹnu wa jáde. Iṣẹ́ yẹn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, láti ìgbà tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ orin tí a máa kọ mọ́ ara wa lọ́wọ́ títí dé ibi tó dé báyìí.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún báńdì kékeré ni pé kí wọ́n wá orin tó gbajúmọ̀ jù, kí wọ́n sì kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú àwo. Èmi ò fara mọ́ ọn. Orin gbajúmọ̀ kún ìgboro. Orin tó fi àyè sílẹ̀, tí ohùn olórin yín gbà, tí ọwọ́ yín ká, tí ẹ sì lè ráàyè ki nǹkan tiyín bọ̀, ìyẹn ló ṣòro láti rí. Ẹ sì lè dá a mọ̀ kí ẹ tó náwó kankan sórí rìhásà.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ẹni márùn-ún ni wá. Àǹtí ló ń lé orin. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn òkè. Ó wúwo, ìsàlẹ̀ ló ti dùn jù. Èmi ń ta gítà, ẹnìkan ń ta báàsì, ọmọkùnrin kan wà nídìí ìlù òyìnbó, Bàbá sì ń lu gángan. Bàbá ti ń jẹun nídìí ìlù kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí fèrè. Èmi àti oníbáàsì la máa ń gbè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló lé orin tó pọ̀ jù lọ nínú èyí tí wọ́n mú wá.

Àwọn orin tó wọlé, àwọn tó jáde

Àwọn ọmọ ìyá ń fi orin ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹni ń fi àdúrà ránṣẹ́. Àkọ́bí obìnrin ló ṣáájú: "I Will Always Love You", ti Whitney Houston. Bí a bá gbé e sílẹ̀ dáadáa, Àǹtí lè kọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe ohùn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni. Dolly Parton ló kọ orin yẹn, ó sì gbé e jáde ní 1974, ọdún méjìdínlógún kí Whitney tó kọ ọ́ fún fíìmù ní 1992. Ó fi dágbére fún Porter Wagoner ni, ọ̀gá tí wọ́n jọ ń kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ dá dúró. Orin ìdágbére pọ́ńbélé ni. Ìfẹ́ táwọn èèyàn ń gbọ́ nínú àkọlé ló ń tàn wọ́n tí wọ́n fi ń gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Ta ni yóò wá dúró síwájú ìyá àádọ́rin ọdún, níṣojú gbogbo ẹbí, kó máa kọ ọ́ lórin pé ó dìgbà óṣe? Mo pe àkọ́bí náà.

"Ẹ kú àmójútó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ inú orin yẹn wò. Ẹ má kọ ọ́ o, ẹ kàn kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kà á wúyẹ́wúyẹ́.

"Háà! Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò o. Kí Màámi má lọ rò pé a fẹ́ máa lé wọn lọ."

Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá mú orin wá bá mi, màá ní kó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè láìkọ ọ́. Ohùn orin máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni "Hallelujah" ti Leonard Cohen, orin 1984, ṣe ṣubú lọ́wọ́ ẹnìkan tó rò pé orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò ka ẹsẹ̀ kejì tán tó fi bú sẹ́rìn-ín.

Ká tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ orin Whitney bá ọjọ́ mu, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò bá gbọ̀ngàn mu. Ohùn nìkan ni, kò sí ohun èlò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nínú fíìmù, ó dùn. Níbi tí wọ́n ti ń gbé abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù kọjá, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri, ohùn tó dá wà kò ní dé tábìlì kejì.

Ọmọ kejì, ọkùnrin, fẹ́ Fẹlá. Ó ní kí a kọ "Lady", tó wà nínú àwo Shakara ti 1972. Kò sí onígítà tí kò fẹ́ràn orin yẹn. Àmọ́ Fẹlá ń fi obìnrin tó bá ní òun àti ọkùnrin jọ dọ́gba ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀, ẹni tí a sì fẹ́ kọ ọ́ fún ni ìyá tí àwọn tíṣà ọkùnrin ń dìde dúró kí. A ò ní kọ ọ́ dé ìdajì tí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè wá sí ọ́fíìsì. Ìyẹn tilẹ̀ wà lọ́tọ̀. Orin náà lé ní ìṣẹ́jú mẹ́tàlá, ìlù àti fèrè ló gbé e dúró. Fẹlá pẹ́ kó tó la ẹnu. Hugh Masekela, ará South Africa, tún un kọ ní 1985, ó sì dára, ṣùgbọ́n afọnfèrè pàtàkì lòun náà. Ó ní ohun tó fi rọ́pò fèrè Fẹlá. Kí làwa fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Mo ti gbọ́ báńdì tó ń fi ẹnu ṣe fèrè Fẹlá rí, "pàá-pà-pàá", láàárín òde. Ẹ dákun.

Oníbáàsì wa dárúkọ "Joromi", èyí tí Victor Uwaifo fi di gbajúgbajà ní 1965. Ìtàn ajìjàkadì kan láti ìlú Benin ló wà nídìí rẹ̀. Gítà inú orin yẹn ń jó lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kí ìka sinmi, mo sì mọ̀ ọ́n ta. Ṣùgbọ́n èdè Ẹ̀dó ló fi kọ ọ́, Àǹtí kò gbọ́ Ẹ̀dó, ìyàwó ọmọ kẹta nínú ìdílé náà sì jẹ́ ọmọ Benin. Àwọn ẹbí rẹ̀ máa jókòó sí iwájú. Ó ṣeé ṣe kí èèyàn kọ èdè tí kò gbọ́ láìsí wàhálà, bí kò bá ti sí ẹni tó gbọ́ ọ nítòsí. A mú ìlà gítà rẹ̀ nìkan, a fi í pamọ́ fún ìgbà tí àwọn àlejò bá ń wọlé, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó wúlò gan-an níbẹ̀.

"Ja Funmi" ti Sunny Adé, inú àwo Juju Music ti 1982, ni Bàbá onígángan fẹ́, torí ọ̀rọ̀ orí ló dá lé, ọ̀rọ̀ orí sì yẹ ẹni tó ń dúpẹ́ ọjọ́ ìbí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Lórí ohun èlò, mi ò gbà. Sunny kì í kó èèyàn díẹ̀ rìn: gítà lórí gítà, gángan lórí gángan, ẹlégbè lọ súà, àti gítà onírin tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń fà láàárín wọn. Bí ẹni márùn-ún bá gbé e, á dà bí ẹni wọ agbádá ẹni tó ga jù ú lọ. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́" ti Ebenezer Obey, ìtàn baba àti ọmọ tí aráyé ò yé fi ẹnu bá wọn jà nítorí ẹran tí wọ́n ń gùn, òun náà wọlé ó sì jáde. Láti 1973 ni gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n. Etí tó jókòó ni ìtàn ń fẹ́, ẹni tó ń jó wọlé kì í sì í jókòó.

Orin tó kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ: "Sweet Mother".

Ẹ mọ̀ ọ́n. Prince Nico Mbarga, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Kamẹrúùnù, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló kọ ọ́ pẹ̀lú báńdì rẹ̀ Rocafil Jazz ní Onitsha, ó sì jáde ní 1976. Ilé iṣẹ́ àwo kan ti kọ̀ ọ́ kí ó tó jáde, wọ́n ní ó jọ orin ọmọdé. Wọ́n ní àwo rẹ̀ tó tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàlá. Ní 2004, àwọn tó ń tẹ̀ lé BBC dìbò fún un pé òun ni orin Áfíríkà tí wọ́n fẹ́ràn jù. Bó ṣe wá gbajúmọ̀ tó yìí ni kò jẹ́ kí ọmọ wa tó ń lu ìlù òyìnbó fẹ́ ẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, orin yẹn ti sú èèyàn. Gbogbo DJ ló ń tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ àwo ló sú u, kì í ṣe orin. Gbogbo DJ ń tẹ àwo kan náà, gítà kan náà, ohùn kan náà, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ gbẹ̀yìn láti ẹnu obìnrin tí ohùn rẹ̀ wúwo, tí gángan ń dá a lóhùn?

Gítà kan, ohùn kan

Bí mo ṣe ń dán orin wò nìyí. A pa gbogbo ohun tó ń lo iná. Mo gbé gítà tí kò ní wáyà, olórin jókòó sí iwájú mi, a sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ìlù, láìsí ègbè, láìsí máìkì. Bí orin bá jẹ́ pé ìtò àwo ló gbé e dúró, ibẹ̀ ló ti máa wó. Ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tàbí èmi tí mò ń ta gítà á máa fi ẹnu kùn ìlà fèrè láìmọ̀. Bí ohùn orin àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lágbára fúnra wọn, ẹ kò ní ṣàárò ohun èlò tó ṣẹ́kù.

"Lady" wó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ja Funmi" dúró díẹ̀, torí ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n a ò mọ ibi tí a ó gbé e lọ lẹ́yìn tí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Sweet Mother" dúró ṣinṣin. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìyẹn àwọn ohùn gítà tí a ń ta pa pọ̀, ló dúró lé. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ibi ìmí wà ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibi tí olórin bá ti mí ni gítà ti ń dáhùn. Ìyá ló sì ń bá sọ̀rọ̀ tààrà, ojú ló fi ń wò ó. Olórin lè rìn lọ bá ìyá níbi tó dúró sí, kó kọ ọ́ sí i létí.

Bí a ṣe kọ ọ́ tán, Àǹtí gbé omi mu. "Eléyìí, mo lè kọ ọ́ kí n sì máa jó." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ń dúró dè.

Kíì

Kíì ni ibi tí ohùn orin jókòó sí, bóyá lókè tàbí nísàlẹ̀. Ibi tí a lo àkókò jù nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti kíì tó wà nínú àwo. Ohùn ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n fi yan kíì yẹn, kì í ṣe tiyín. Ẹ wá ibi tí orin ti lọ sókè jù àti ibi tó ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ sì jẹ́ kí olórin kọ ibi méjèèjì yẹn nìkan, léraléra, lẹ́yìn tó bá ti kọrin títí tó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ohùn àárọ̀ máa ń tàn èèyàn jẹ. Ní òde, orin wíwọlé lè bọ́ sí wákàtí kejì tí ẹ ti ń kọrin.

A gbìyànjú kíì C. Ní ibi tó ga jù, iṣan ọrùn Àǹtí ń yọ, ọ̀rọ̀ sì ń di igbe. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé G. Òkè wá rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìparí ìlà rì sínú báàsì, a ò gbọ́ wọn mọ́. A gbé e sí A. Ní A, ibi tó ga jù kò le, ó kàn ń dún bí ẹni ń pe èèyàn láti ẹnu ọ̀nà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jókòó síbi tí ohùn rẹ̀ ti nípọn jù. Bó ṣe kọ ọ́ níbẹ̀ ni ọmọ onílù tó ní orin ti sú òun gbé igi ìlù rẹ̀.

Kápò, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi di okùn gítà mú kí ohùn lè ga sí i, ni mo fi sí ojú kejì lórí gítà, mo sì ń mú ìka G, C àti D, èyí tó ń dún bí A, D àti E. Ìdí ni pé ìka G máa ń fi okùn púpọ̀ sílẹ̀ láìtẹ̀, gítà háílàìfù kò sì dùn láìsí okùn tó ń dún fúnra rẹ̀ lábẹ́ ìlà tí ìka ń fà. Oníbáàsì kò nílò kápò kankan: A, D àti E ni okùn mẹ́ta lára mẹ́rin tó wà lórí báàsì rẹ̀, ó lè ta wọ́n láìfi ìka tẹ̀ wọ́n kó sì máa wojú ìyá. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Báńdì tí gbogbo ojú rẹ̀ wà lórí ìka kò ní mọ ìgbà tí oníjó bá yí padà.

Eré rẹ̀ náà yí. Mo fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n orí fóònù wò ó, a sì fi sí nǹkan bí 100 lù ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá àádọ́rin ọdún tó wọ ìró àti ìborùn aṣọ òkè kò ní sáré jó. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ráàyè kanlẹ̀.

Ohun tí a fi kún un

Nígbà tí Otis Redding, olórin Amẹ́ríkà, kọ "Respect" ní 1965, ọkùnrin tó ń padà bọ̀ wálé ló ń bẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1967, Aretha Franklin gbà á, ó fi sí ẹnu obìnrin, ó pe lẹ́tà orúkọ orin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi àwọn arábìnrin rẹ̀ gbè lẹ́yìn. Orin Otis kò ní ibi ìyípadà kankan láàárín; Aretha àti àwọn tó bá a ṣe é lọ yá kọ́ọ̀dù inú orin mìíràn, ti Sam àti Dave, wọ́n fi í ṣe ibi tí King Curtis ti fọn sáksófóònù. Lónìí, bí ẹ bá dárúkọ orin yẹn, Aretha ló ń wá sọ́kàn èèyàn. Ẹ wò ó dáadáa: kò pa ohùn orin náà dà. Ibi tó ṣófo ló wá, ó sì ki nǹkan tirẹ̀ bọ̀ ọ́.

Àbúrò ìyá kan ti ní ká tú "Sweet Mother" sí Yorùbá. A dán an wò, kò lọ. Èdè tiwa ní òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀. Bí ohùn orin bá gba ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ń fẹ́ òkè, ọ̀rọ̀ á yí padà lẹ́nu olórin, bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ orin ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì tú fún wa. A fi Píjìn náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó dùn, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ.

Gángan ló wá sọ Yorùbá. Ní àlàfo tó wà láàárín ìlà kejì àti ìkẹta, Bàbá ń lù ú pé "Ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí." Ẹ tẹ́tí sí i bí ìlù ṣe ń sọ ọ́: ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òkè, ìsàlẹ̀, ó sinmi díẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òkè, òkè. Ìlù àkọ́kọ́ mẹ́rin inú apá méjèèjì bára mu. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni àgbà tó bá jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti máa mọ̀ pé gángan ti sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kí Bàbá jọ̀ọ́ bá mi fi ohùn àárín gángan sí A, kí òun àti gítà má bàa máa jà.

Ó wò mí. "Ṣé gítà tó dé lánàá yìí lẹ fẹ́ fi tún gángan ṣe?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Tiyín ló ṣáájú. Ẹ kàn bá wa pàdé lọ́nà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fún gángan mọ́ abẹ́ apá, ó lù ú wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn gítà mi títí tí méjèèjì fi dọ́gba. Látìgbà náà, bó ṣe bá ti gbé gángan kọ́ èjìká, A ló máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Àǹtí náà ní ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí kí ẹ tó wọlé." Ìjíròrò yẹn gba ìrọ̀lẹ́ kan gbáko, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ báńdì ló ní gángan tó dáńgájíá àti olórin tó dáńgájíá tí wọ́n ń bo ara wọn mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi ìdúró

Orin inú àwo ní òpin. Orin òde kò gbọdọ̀ ní. Ẹni tó ń jó wọlé lè dúró kí ọ̀rẹ́ ilé ìwé rẹ̀, lè padà sẹ́yìn lọ dì mọ́ àbúrò, lè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Orin tí kò bá ní ibi tí ẹ lè máa yí ká láìsú èèyàn, ẹ má gbé e wọ òde.

A ṣe ibi ìdúró sí ẹ̀yìn ègbè kejì: A àti D nìkan, báàsì ń rìn láàárín méjèèjì, ìlù òyìnbó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, Àǹtí á wá máa ki ìyá àti ẹbí. A kọ oríkì wọn sílẹ̀ láti ẹnu ẹ̀gbọ́n ìyá, a sì ní kó gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń pè é, torí ẹni bá ṣi oríkì àwọn ará Ẹ̀gbá pè ní Abẹ́òkúta, orin yòówù kó kọ, kò sẹ́ni tó máa rántí. Bó bá tó àkókò láti jáde, gángan á lu àmì kan, gbogbo wa á bọ́ sí E, a ó padà sí ègbè.

Rìhásà kò ní ìtàn púpọ̀. Fóònù la fi ń gbohùn sílẹ̀, a máa ń gbé e sí ìparí yàrá, kì í ṣe sí iwájú wa, torí ibẹ̀ ni ìyá máa ti gbọ́ wa. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé gítà mi pọ̀ jù. Mo yọ ìdajì ohun tí mò ń ta.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ

Orin olórin ní ẹni tó ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022, dáàbò bo orin títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Mbarga kú ní 1997, nítorí náà orin rẹ̀ ṣì ní oníǹkan títí di òpin 2067. Àjọ bíi MCSN ló ń gba owó àṣẹ fún àwọn olórin, a sì sọ fún ẹni tó ni òde pé kí wọ́n bi gbọ̀ngàn bóyá wọ́n ti san tiwọn. Kíkọ ọ́ níwájú èèyàn yàtọ̀ sí gbígbé fídíò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkejì gba àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí fídíò kankan níbí.

Lọ́jọ́ òde

Ìlà gítà "Joromi" ló gba àwọn àlejò wọlé, àwọn ará Benin tó wà níwájú sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dìde ó jó. Ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì parí níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní ìyá ti dé ẹnu ọ̀nà, Àǹtí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gítà nìkan, lọ́ra, ìlà àkọ́kọ́. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹun ṣe dákẹ́ kíákíá. Wọ́n mọ orin náà, ṣùgbọ́n kò jọ èyí tí wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń wá ibi tí ó ti wá. Báàsì àti ìlù wọlé ní ìlà kẹta. Nígbà tí gángan sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, àwọn ìyá àgbà tó wà ní apá òsì dá a lóhùn lẹ́nu, "bàbá ni jígí!", láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Ìyá alára dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti ibi tó dúró sí, eré 100 yẹn sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu.

Ibi ìdúró ni nǹkan ti yí. Ẹ mọ̀ pé abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n owó sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹjọ́ tí EFCC sì gbé lọ sí kóòtù ní 2024 ti mú kí àwọn olóde bẹ̀rù. Àpótí ni wọ́n gbé síwájú ìyá, àpò ìwé lèèyàn ń jù sínú rẹ̀. A ti rò pé ìyẹn máa jẹ́ kí ibi ìdúró kúrú, torí ẹni tó ń ju àpò ìwé kì í pẹ́ tó ẹni tó ń lẹ owó mọ́ iwájú orí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn kò pẹ́ lóòótọ́. Bàbá onígángan ló pẹ́. Ó ń ki ẹni kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń bọ̀, wọ́n sì ń fún un ní àpò ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni àmì ìjáde wà! A yí ká A àti D títí tí Àǹtí fi ki gbogbo ẹbí tán tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí. Níkẹyìn, oníbáàsì kàn bọ́ sí E fúnra rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ gbọin. Ìlù òyìnbó tẹ̀ lé e, èmi náà tẹ̀ lé e, Bàbá gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bá wa padà sí ègbè.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ fi ebi pa mí," ló sọ nínú ọkọ̀.

Ibi tó dé

Àmì ìjáde ti kúrò lọ́wọ́ gángan, báàsì ló ń ṣe é báyìí. Orin náà ṣì wà ní A. Mo ti yọ ìlà gítà tó wà lábẹ́ oríkì kúrò pátápátá. Báàsì àti ìlù tó o. Wọ́n ti pè wá sí ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, ọkọ ìyàwó sì fẹ́ "Sawale" ti Rex Lawson, nítorí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Flavour, ẹni tó gbé e wọ "Nwa Baby" tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ dúró dáadáa nígbà tí mo fi gítà kan dán an wò nílé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo ní kí ọkọ ìyàwó lọ kà kí a tó sọ̀rọ̀ lórí kíì. Kò tíì dáhùn.